Ta ló ni "ilẹ̀ ìjọba"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àǹtí wa tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé Raúl Grijalva, aṣòfin Arizona tó kú ní oṣù kẹta ọdún 2025, béèrè pé kí ni ká pe ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní public lands lédè Yorùbá. Ọ̀gá wa kan dáhùn kíá pé "ilẹ̀ ìjọba" ni, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn mọ bí "ilẹ̀ ìjọba" ṣe ń dún létí. Kó tó sanwó, á ní kí awọnlẹ̀ bá òun wò ó bóyá ilẹ̀ ìjọba ni. Bí wọ́n bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, á dá owó rẹ̀ padà sápò, torí katakata lè dé nígbàkígbà. Létí wa, ilẹ̀ ìjọba ni ilẹ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Èyí tí Grijalva ń jà fún nílé aṣòfin láti 2003 kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tó wà níkàáwọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn tó nǹkan bí éékà mílíọ̀nù 640, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Aráàlú ń ṣọdẹ níbẹ̀, wọ́n ń pàgọ́, wọ́n ń da màlúù. Ọ̀rọ̀ Grijalva ni pé aráàlú ló ni ín, ìjọba kàn ń bá wọn mú un dání ni.

Àbúrò wa ní Houston ní ká sọ pé "ilẹ̀ gbogbogbòò". Ó sàn díẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò, ẹ rí bí ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa ṣe ń di ohun tí kò sẹ́ni tó ń gbá a.

Àbá tèmi ni "ilẹ̀ àgbàtọ́". Ẹ mọ ọmọ àgbàtọ́. Alágbàtọ́ ń bọ́ ọ, ó ń bá a wí, ó ń rán an níṣẹ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ tà á, yóò sì jíhìn fún ẹni tó bí i. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti Nàìjíríà gan-an, ti 1978, ohun tó wí nìyẹn: ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà pé kó mú un dání fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Alágbàtọ́ ni òfin fi gómìnà ṣe. Ẹnu àwa la fi sọ ọ́ di onílẹ̀.

Ibi àyípadà ojú ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò jù. (Lóòótọ́, ojú ọjọ́ ń yí láàárọ̀ yí lálẹ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà ti wọ ẹnu èèyàn. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.) Ní 2018, USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé epo, gáàsì àti èédú tí wọ́n ń wà lórí ilẹ̀ yìí àti nínú omi tó bá a rìn ló ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èéfín káábọ́ọ̀nù orílẹ̀-èdè náà wá. Ní 2019, Grijalva, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì nígbà náà, gbé àbá òfin kan kalẹ̀ pé tó bá fi di 2040, kí èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde má ju èyí tí igbó àti ilẹ̀ ibẹ̀ lè fà padà. Kò di òfin. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní net zero. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí "òdo pọ́ńbélé" lánàá, ẹ dákun, èéfín ṣì máa wà, ìṣirò ló máa dọ́gba. "Èéfín adọ́gba" ni n bá pè é.

Ẹ wá tún un kà. Bí ẹ bá kọ "ilẹ̀ ìjọba", ìjọba ń sun ohun ìní rẹ̀, kí ló kàn wá? Bí ẹ bá kọ "ilẹ̀ àgbàtọ́", ọmọ ọlọ́mọ ni alágbàtọ́ fi ń dáná.

Àtakò kan ṣì wà tí mi ò rí dá lóhùn tán: ta ló bí ọmọ náà? Àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ bíi Havasupai, Hopi àti Navajo ti wà níbẹ̀ kí Amẹ́ríkà tó dé. Wọn ò gbé e fún ẹnikẹ́ni tọ́, Amẹ́ríkà ló gbà á lọ́wọ́ wọn. (Ó wù mí kí n pè wọ́n ní "ọmọ onílẹ̀", àmọ́ ẹ̀yin ará Èkó á bi mí pé èló ni wọ́n ń gba owó ìpìlẹ̀.) Ọ̀pọ̀ ọdún ni Grijalva fi ń gbé àbá òfin wá kí wọ́n má tún wa ohun àlùmọ́ọ́nì yùréníọ̀mù mọ́ lẹ́bàá Grand Canyon, àfonífojì ńlá tó wà ní Arizona. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Ààrẹ Biden kéde pé òun dá ilẹ̀ náà sí, ó lé ní éékà 900,000; national monument ni wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èdè méjì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Baaj Nwaavjo, lédè Havasupai, ni ibi tí àwọn ẹ̀yà ti ń rìn ká. I'tah Kukveni, lédè Hopi, ni ipasẹ̀ àwọn baba ńlá wa. Ẹ wá "ìjọba" nínú méjèèjì, ẹ ò ní rí i.

Torí náà, Àǹtí, ẹ lo "ilẹ̀ àgbàtọ́" níbi ọ̀rọ̀ òfin àti èéfín. Tí ẹ bá dé Grand Canyon, ẹ kọ ọ́ gbangba pé ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ ni. Ó ku ibi tí ẹ ti túmọ̀ monument sí "ère ìrántí". Kò sí ère kankan níbẹ̀ o, àpáta, igbó àti koríko ni. Èmi ní "ilẹ̀ àdásí" lọ́wọ́; ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.