Ẹmu títọ́wò lóko nítòsí Àkúrẹ́: ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ìbéèrè mi ni bí èèyàn ṣe lè mú àlejò lọ tọ́ ẹmu wò lóko ìdílé adẹ́mu kan lọ́nà Oǹdó, kó sì gbé díẹ̀ wálé láì jẹ́ pé ó kan.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni pé ká ti débẹ̀ kí adẹ́mu tó sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀ máa ń dùn, kò tíì le. Ìwúkàrà inú rẹ̀ kì í sinmi: nírọ̀lẹ́ á ti máa ta lẹ́nu, ti àná á sì ti kan. Tuntun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò, kẹ́ ẹ tó tọ́ ti àná wò. Bí kíkan bá ṣáájú, ahọ́n ò ní mọ adùn tuntun mọ́. Ẹ má sì da ògùrọ̀ mọ́ ẹmu ọ̀pẹ nínú ife kan náà. Igi wọn yàtọ̀, adùn wọn náà yàtọ̀.

Ìmọ̀ràn pé ká gbé ẹmu sínú kúlà oníyìnyín ṣiṣẹ́ díẹ̀: ó ń fa kíkan sẹ́yìn ni, kò dá a dúró. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bá dé pinpin máa ń wú, ìgò tiẹ̀ lè bẹ́, torí ẹmu ṣì ń hó. Ẹ má rọ ọ́ kún dẹ́nu, ẹ dé e gbẹ̀rẹ̀. Omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi fọ kẹ́ẹ̀gì ṣáájú. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àtijọ́ tó kù nísàlẹ̀ ló ń tètè ba tuntun jẹ́.

Èyí tó ṣì kù ni gbígbé ìgò ẹmu sínú omi gbígbóná. Ó ń pa ìwúkàrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹmu náà á máa dà bí ohun tí wọ́n sè lẹ́nu. Ẹni tó bá mọ bí adùn rẹ̀ kò ṣe ní yí, kó fi kún un níbí.