"Òkìtì yìnyín" ni àbí "odò yìnyín"?

Ẹ̀gbọ́n wa tó ṣí ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ dábàá pé kí a máa pe yìnyín ńlá orí òkè (èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "glacier") ní "òkìtì yìnyín", wọ́n sì kọ ọ́ pé àwòrán ilẹ̀ fi hàn pé òkìtì náà "ń fà sẹ́yìn" láti nǹkan bí ọdún 1850. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì ni n kò fara mọ́, nítorí pé àṣìṣe kan náà ló bí wọn: wọn kò ka bí yìnyín náà ṣe ń rìn sí.

Òkìtì kì í rìn. Ibi tí a bá kó o jọ sí ni yóò wà. Yìnyín yìí ń rìn. Ní ọdún 1874, àwọn onímọ̀ ní Swítsàlandì to òkúta tí wọ́n kùn lọ́dà sórí yìnyín Rhône, láti etí kan dé èkejì, wọ́n sì ń padà lọ wò wọ́n. Àwọn òkúta náà ń sọ̀ kalẹ̀, ti àárín sì ń yára ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń ṣe nínú odò, débi pé ìlà tó gún tẹ́lẹ̀ wá tẹ̀ bí ọrun. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "odò yìnyín". Pé yìnyín náà ni èyí tó ń bá òjò já sórí páànù wa kò dà mí láàmú. Omi tó dì ni méjèèjì.

Ní àwọn ọdún tí òkúta wọ̀nyẹn ń sọ̀ kalẹ̀ gan-an, etí ìsàlẹ̀ yìnyín náà ń jìnnà sí àfonífojì. Kò sí yìnyín tó padà gòkè: èyí tó ń yọ́ nísàlẹ̀ ló pọ̀ ju èyí tó ń ti òkè bọ̀ lọ. Ẹni tó bá ní "ó ń fà sẹ́yìn" ń mú kí òǹkàwé rò pé ó ń padà bí ọmọ ogun tí ìjà le mọ́. "Odò yìnyín Rhône ń kúrú" ti tó.

Ibi tó dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́ ńkọ́? Òkúta àti yẹ̀pẹ̀ tí yìnyín tì síwájú, tó sì fi sílẹ̀ nígbà tó yọ́, ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ń tọpa. "Ebè òkúta" ni mo dábàá fún un (ebè gígùn ni mo ní lọ́kàn o, kì í ṣe ebè roboto tí a fi ń gbin iṣu). Bí a bá fi ebè wọ̀nyí wé àwòrán ọ̀rúndún 19, a ó rí i pé yìnyín Rhône ti sọ̀ dé ìsàlẹ̀ àfonífojì Gletsch nígbà náà. Lónìí, orí àpáta lókè ló mọ, adágún omi sì wà níwájú rẹ̀.

Ibì kan wà tí àbá mi kò ti bá a mu. Ní òkè Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tanzania, tí nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún yìnyín rẹ̀ pòórá láàárín ọdún 1912 sí 2007, èyí tó wà ní orí òkè téńté tẹ́jú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣàn. "Pápá yìnyín" ni n óò pe ìyẹn, "súnkì" ni n óò sì lò fún un dípò "kúrú", torí pé láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo ló ti ń tán.