Myofascial release: kí ló ń mú ọwọ́ yọ̀ lórí ẹ̀yìn?

Àbẹ̀kẹ́_Màsáàjì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Wọ́n ti ń kọ́ wa ní myofascial release, ìyẹn fífi ọwọ́ rọra tẹ ara, ká sì fà á díẹ̀díẹ̀ kí ibi tó le lè dẹ̀. Tí mo bá gbé ọwọ́ méjèèjì dábùú ara wọn sórí ìbàdí, wọ́n á ti yọ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, bẹ́ẹ̀ 3 sí 5 ni wọ́n ní ká fi dúró. Tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ le, ẹni tó sùn á máa ké. Òrí díẹ̀ la kọ́kọ́ fi ń wọ́ ẹ̀yìn kí ara lè gbóná. Báwo lèèyàn tiẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé ibẹ̀ ti ń dẹ̀?

Ọ̀gá_Tábìlì: Òrí yẹn gan-an ni. Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ ọ̀rá. Awọ ara gbọ́dọ̀ gbẹ kó lè bá ọwọ́ yín lọ. Ẹ ṣe release ṣáájú, ẹ fi òrí kẹ́yìn. Bí ẹni tó sùn bá ti fi ìpara para láti ilé, ẹ fi táwẹ̀lì tó lómi díẹ̀ nù ún, kó gbẹ.

Àtẹ́lẹwọ́ kan lórí egungun òkè ìdí, kí ìka rẹ̀ kọjú sẹ́sẹ̀. Ìkejì nísàlẹ̀ egungun ìhà, kí ìka rẹ̀ kọjú sórí. Ẹ rọra fi ìwọ̀n ara yín rì sílẹ̀ títí ohun kan á fi dá ọwọ́ dúró. Ìgbà náà lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà wọ́n jìnnà síra wọn, títí kò fi ní sí àyè mọ́. Ẹ dúró síbẹ̀. Kì í sábà dẹ̀ kó tó tó ìṣẹ́jú àáyá 90 sí 120, nítorí náà ẹ wo aago (lójú akẹ́kọ̀ọ́, 30 a máa dà bíi 120). Tó bá dẹ̀, ọwọ́ á rìn díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tì í, ibẹ̀ á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ tẹ̀ lé e dé ibi tó tún ti dúró.

Ìgbọ̀nwọ́_Lágbà: Ẹ wo gíga tábìlì náà. Ẹ dúró tì í, kí apá rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ di ìkúùkù: ibi tí oríkèé ìka bá dé ni kí ojú tábìlì mọ. Bó bá ga jù, agbára èjìká lẹ ó máa fi tì, ọwọ́ á sì máa rọ́ lọ. Ẹ má fi àtàǹpàkò ṣe é, iṣẹ́ yìí á ba àtàǹpàkò yín jẹ́.

Ní ti igbe yẹn, ẹ ní kó fi nọ́ńbà díwọ̀n ìrora, láti 0 dé 10. Kó má kọjá 6. Tó bá ń di èémí mú, tó ń ká ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó ti pọ̀ jù, iṣan á kàn máa bá yín jà ni.

Iṣan_àti_Eegun: Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé fascia, ìyẹn awọ inú ara tó bo iṣan, ń yọ́ lábẹ́ ọwọ́. Ti ìbàdí nípọn, ó le ju ohun tí ọwọ́ lè fà gùn ní ìṣẹ́jú 5 lọ. Àlàyé tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé ẹnu iṣan ìmọ̀lára pọ̀ nínú rẹ̀, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní Ruffini. Fífà tó lọ́ra ni wọ́n ń gbọ́. Ọpọlọ ló wá ń ní kí iṣan dẹ̀. Ẹni tó bá kánjú kò bá wọn sọ nǹkan kan.

Ẹ sì bèèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án: ṣé ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, bíi warfarin? Ṣé egungun rẹ̀ ṣẹ́ láìpẹ́? Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dùn ún, ẹ má wọ́ ọ rárá. Ẹ̀jẹ̀ dídì lè wà níbẹ̀. Tó bá ṣí, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Àbẹ̀kẹ́_Màsáàjì: Ẹ ṣé gan-an ni. Ojú iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Iṣan_àti_Eegun: Kó jinná tán, kí dókítà sì fọwọ́ sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àpá, kì í ṣe orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ kélóìdì, àpá tó wú sókè, ẹ fi í sílẹ̀.