Ṣé omi aláwọ̀ ewé lè lé àrùn jìnnà sí ọmọ àrọ̀?

Alárọ̀ Ìkòròdú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹlẹ́ja. Inú táńpólì ni mo ti ń tọ́ ọmọ àrọ̀. Tí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, egbò pupa á yọ lábẹ́ ikùn wọn, ìrù á sì máa jẹrà. Wọ́n ní Aeromonas ni, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń kó àrùn bá ẹja. Tẹtirasaikílìn, oògùn apakòkòrò, ni mò ń rà ṣáá. Ẹnìkan wá ní kí n jẹ́ kí omi mi di aláwọ̀ ewé, pé algae, àwọn ewé tíńtìntín inú omi, á bá mi ṣẹ́gun kòkòrò náà. Èmi tí mo máa ń fọ táńpólì títí á fi dán! Òótọ́ ni àbí ẹ̀tàn?

Bàbá Kòtò: Tẹtirasaikílìn láìṣe àyẹ̀wò ló ń sọ kòkòrò di alágídí. Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró ná.

Akẹ́kọ̀ọ́ Omi: Ọ̀rọ̀ yẹn nídìí, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn olóko edé ló ti wá. Ní Filipínì, ní nǹkan bí ọdún 1990 síwájú, Vibrio harveyi, kòkòrò tó ń tàn nínú òkùnkùn, pa edé wọn rẹpẹtẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sin tìlápíà sínú adágún tí wọ́n ti ń fa omi sí kòtò edé. Omi náà ń di aláwọ̀ ewé, Vibrio sì ń dínkù. Àwọn olùwádìí SEAFDEC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, yẹ̀ ẹ́ wò ní Iloilo ní Filipínì níbẹ̀: ewé náà ò dá jà, àwọn bakitéríà mìíràn tó ń bá a gbé ń lé Vibrio, ohun tó ń yọ̀ lára tìlápíà náà sì ń ṣe tiẹ̀. Ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ ni Vibrio fẹ́ràn, omi tí kò níyọ̀ sì ni Aeromonas tiyín ń gbé. Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu kan náà. Èyí tó dájú ni pé ewé ń jẹ amóníà tó ń jáde lára ẹja, àrùn kì í sì í tètè ran ẹja tí amóníà ò yọ lẹ́nu.

Ìyá Àrọ̀ Ìjẹ̀bú: Ọmọ mi, gbọ́ tèmi. Lọ́sàn-án ewé ń ṣe ọ́síjìn, lóru òun àti ẹja jọ ń fà á ni. Àrọ̀ ńlá lè gbé ẹnu sókè mí afẹ́fẹ́, ọmọ kékeré ò tíì lè ṣe é. Ìdájí ni wọ́n máa ń kú. Ti ọwọ́ bọ omi: tí o kò bá rí i mọ́ kí omi tó dé ìgúnpá, ó ti ki jù, fa díẹ̀ dànù, kí o bu omi tuntun sí i. Èyí tó bá léfòó bí ọ̀dà sórí omi, tó ń rùn, Microcystis, irú ewé omi burúkú kan, lè wà níbẹ̀, ó ní májèlé. Má sì tìtorí kí omi lè di aláwọ̀ ewé da ìgbẹ́ adìyẹ sínú táńpólì ọmọ rárá!

Akẹ́kọ̀ọ́ Omi: Òótọ́ ni Màmá sọ. Ewé tó bá ki jù máa ń gbé pH omi (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tàbí bó ṣe jẹ́ alikálì) sókè lọ́sàn-án, amóníà tó bá ṣẹ́kù á sì túbọ̀ lágbára.

Alárọ̀ Ìkòròdú: Ẹ ṣé, Màmá. Níbo ni màá ti rí omi aláwọ̀ ewé tó dáa?

Ìyá Àrọ̀ Ìjẹ̀bú: Bu omi adágún tìlápíà tí ara wọn le, fi aṣọ wíwẹ́ sẹ́ ẹ. Táńpólì kan ṣoṣo ni kí o kọ́kọ́ dán an wò, fi ìyókù sílẹ̀ bó ti wà.

Bàbá Kòtò: Kó tó ṣèyẹn, kó gbé èyí tó ń ṣàìsàn tó ṣì ń mí, kì í ṣe òkú, lọ sí ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n sọ bóyá Aeromonas ni lóòótọ́.