Bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta ọjọ́ Àbámẹ́ta: kí ló dé tí Lọ́ndọ̀nù kò lè wo ohun tí Ìbàdàn ń wò?

Àyìnlá_Bẹẹrẹ:

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé ní Lọ́ndọ̀nù, kò sì sí oṣù tí n kì í san owó ìkànnì eré ìdárayá, owó tí kò kéré rárá. Síbẹ̀, bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ràn bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, n kò lè rí i wò nínú ilé mi. Rédíò ni mo máa ń gbé sétí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ló máa ń pè mí lórí fóònù pé wọ́n ti gbá a wọlé. Pápá ìṣeré náà kò ju ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan lọ sí ilé mi, ará Ìbàdàn ló sì ń ròyìn rẹ̀ fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni mo ń gbé létí odò tí mo ń fi itọ́ ṣanwọ́.

Mo mọ̀ pé òfin kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é, ohun tó rí lọ́bẹ̀ tó fi warú sọ́wọ́, àti bóyá òfin náà ń ṣiṣẹ́. Mo sì tún fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé sọ ohun tí bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì tó ń wọlé láìsí ìdènà yìí ń ṣe sí bọ́ọ̀lù tiwa.

Adékànmbí_Akọ̀wé:

Àyìnlá, ẹ kú ìbéèrè. Òfin náà dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ITV fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì kan hàn ní tààrà, Blackpool pẹ̀lú Bolton. Èrò tó wá sí pápá lọ́jọ́ náà kò tó èyí tí Blackpool máa ń rí, Stanley Matthews, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù Blackpool tí àwọn ènìyàn ìbá torí rẹ̀ jókòó sídìí tẹlifíṣàn sì ti fara pa, kò gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá bíi Arsenal àti Tottenham fà sẹ́yìn, ètò náà sì tú ká kó tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀. Ó di ọdún 1983 kí wọ́n tó tún fi bọ́ọ̀lù líìgì hàn ní tààrà.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òfin yìí jù ni Bob Lord, alápatà tó di alága ẹgbẹ́ Burnley. Burnley kì í ṣe ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ gba líìgì ní ọdún 1960 kan náà, owó tí èrò ń san lẹ́nu géètì ló sì ń gbé e ró. Ohun tí Lord ń wí ni pé bí ará Burnley bá lè jókòó sílé wo Manchester United, kò ní jáde sínú òtútù láti wá wo Burnley, àti pé àwọn ẹgbẹ́ tó kéré ju tirẹ̀ lọ ni ebi máa kọ́kọ́ pa. Nígbà tí BBC bẹ̀rẹ̀ ètò Match of the Day ní 1964, ètò alẹ́ tí kò ju àkékúrú lọ, Lord kò jẹ́ kí kámẹ́rà wọn wọ pápá rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Àwọn alága yòókù gbà pẹ̀lú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé láti aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bọ́ọ̀lù kankan kò gbọdọ̀ hàn ní tààrà. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, náà fàyè gba irú wákàtí méjì ààbọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè wo ti Sípéènì tàbí ti Ítálì pàápàá láàárín àkókò náà ní Ìlú Ọba. Nígbà tí àrùn kòrónà ti pápá pa, wọ́n gbé òfin náà tì fúngbà díẹ̀, nítorí pé kò sí èrò ẹnu géètì tí wọ́n máa dáàbò bò.

Ní ti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tàbí agbègbè kọ̀ọ̀kan ni Premier League ń ta ẹ̀tọ́ àtifi bọ́ọ̀lù hàn fún, ọgbà òfin tí wọ́n sì ṣe yí Burnley ká kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn òkun. Karen Murphy, obìnrin tó ń ta ọtí ní Portsmouth, gbìyànjú láti fo ọgbà náà: ó ra dẹ́kódà ilẹ̀ Gíríìsì kó lè fi bọ́ọ̀lù han àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé-ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé-ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó dájọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011 pé òfin tó ka dẹ́kódà ilẹ̀ mìíràn nínú Àjọ náà léèwọ̀ tako òmìnira káràkátà. Ó jàre, ṣùgbọ́n àwọn oníbọ́ọ̀lù kò tìtorí rẹ̀ ṣí ọgbà.

Owó ló ń jẹ ọgbà náà díẹ̀díẹ̀. Mílíọ̀nù 5.2 pọ́n-ùn ni àdéhùn ọdún méjì ti 1983. Mílíọ̀nù 44 ni ti ọdún mẹ́rin tí ITV ṣe ní 1988. Nígbà tí Premier League dé ní 1992, mílíọ̀nù 304 fún ọdún márùn-ún ni wọ́n kéde. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025 jẹ́ bílíọ̀nù 6.7 fún ọdún mẹ́rin. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 380 tó wà nínú sáà kan, ó kéré tán 267 ni Sky àti TNT ń fi hàn báyìí, nítorí pé wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù kúrò ní aago mẹ́ta lọ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé. Ẹnikẹ́ni kò fagi lé òfin Lord. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń kó jáde.

Bàbá_Adámásìngbà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn apá kejì ìbéèrè yẹn, nítorí pé mo wà níbẹ̀, mo sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí ní 1976, nígbà tí IICC Shooting Stars na Tonnerre ti Yaoundé tó sì gba ife àwọn olùborí ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ife ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan yóò gbà. Ọjọ́ tí Ṣẹ́gun Odẹ́gbàmí àti Múdà Lawal bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Liberty, ẹsẹ̀ la máa ń fi rìn lọ láti àárọ̀, nítorí pé ẹni tó bá pẹ́ kò ní rí ibi dúró sí. Kì í ṣe pé kò sí tẹlifíṣàn o. Ọdún 1959 ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn níbí. Àwọn tó ní tẹlifíṣàn gan-an ló ń jókòó sí ibi ìjókòó olówó ńlá nínú pápá.

Ní ọdún 2003, mo ṣí ilé ìwòran kan, ibi tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣàn, sí ìtòsí pápá Adámásìngbà. Mo kan bẹ́ǹṣì, mo ra dẹ́kódà àti jẹnẹrétọ̀, mo sì gbé pátákó síta tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ àti iye owó ìwọlé sí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ HiTV gba ẹ̀tọ́ àtifi Premier League hàn mọ́ DStv lọ́wọ́ ní 2007, mo tún ra dẹ́kódà mìíràn. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ DStv ní 2010, mo gbé ti HiTV sábẹ́ ibùsùn, ibẹ̀ ló wà títí dòní. Owó ilé ìwòran yìí ni mo fi rán ọmọ méjì lọ sí yunifásítì, n kò sì lè purọ́ pé inú mi kò dùn sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ọjọ́ Àìkú ni 3SC, ìyẹn Shooting Stars, sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ní Adámásìngbà, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ìgbà òtútù bá dé ní Ìlú Ọba, aago wọn a fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Bọ́ọ̀lù wọn ti aago méjì a bọ́ sí aago mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, èyí tó tẹ̀ lé e a sì bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀. Ẹni tó bá jókòó wo àkọ́kọ́ kò lè bá ìbẹ̀rẹ̀ ti Adámásìngbà, ẹni tó bá sì lọ sí Adámásìngbà kò ní bá ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ìrìn ẹsẹ̀ láti ilé ìwòran mi sí géètì pápá. Mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi rí, tí mò ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó wọ ẹ̀wù Chelsea, tí mo sì ń gbọ́ ìlù àwọn alátìlẹ́yìn 3SC láti ọ̀nà jíjìn, ìlù tí kò lè ju mẹ́ta lọ. Bob Lord tí ẹ dárúkọ yẹn, ó rí ohun tó ń bọ̀, ó sì ṣe ọgbà yí tirẹ̀ ká. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ẹni tó ṣe ọgbà kankan, èmi gan-an ni mo sì ń gba owó ìwọlé.

Adúkẹ́_Jámánì:

Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ má bínú pé mo fẹ́ yà kúrò ní ọ̀nà tí ẹ là sílẹ̀ yìí.

Jámánì ni mò ń gbé. Níbí, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta gan-an ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù Bundesliga máa ń wáyé, gbogbo rẹ̀ ló sì ń hàn ní tààrà fún ẹni tó bá sanwó, síbẹ̀ pápá ìṣeré wọn wà lára àwọn tó ń kún jù ní Yúróòpù. Ìdí rẹ̀ ni pé òfin wọn fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìbò ẹgbẹ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn, tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró kò wọ́n, ẹni tó wá sì mọ̀ pé ilé òun ni òun wá. Bí ọgbà Lord bá jẹ́ ohun tó ń gba àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké là ni, àwọn ẹgbẹ́ Jámánì ìbá ti kú tipẹ́.

Ní ti ilé, ẹ jẹ́ kí a to ọdún bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Rashidi Yẹkínì gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, ó lọ sí Abíọ́lá Babes, ní 1987 ó sì kọjá sí Africa Sports ní Abidjan kó tó dé Pọtogí. Leventis United ti Ìbàdàn gba líìgì ní 1986, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn tó ni ín fi tú u ká. Premier League kò tíì sí nígbà náà, DStv kò sì tíì dé. Ohun tó lé agbábọ́ọ̀lù lọ ni owó oṣù tí kì í dé, ohun tó sì lé òǹwòran lọ ni rẹfirí tí kì í jẹ́ kí àlejò borí nílé onílé, àti jàgídíjàgan tó máa ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí tẹlifíṣàn fi dé, ilé ti ṣófo kí ayálégbé tuntun tó wọlé.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni bí wọ́n ṣe ń pín owó. Nígbà tí Premier League bẹ̀rẹ̀, ìdajì owó tẹlifíṣàn abẹ́lé ni wọ́n ń pín dọ́gba fún gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n fi ìlàrin kan sí ipò tí ẹgbẹ́ parí sí, wọ́n sì fi ìlàrin tó kù sí iye ìgbà tí ẹgbẹ́ hàn ní tààrà. Owó tó ń wá láti òkèèrè, tí owó dẹ́kódà bàbá wà nínú rẹ̀, dọ́gba pátápátá títí di 2019, kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó rí tiwọn gé níbẹ̀. SuperSport, ìkànnì eré ìdárayá DStv, náà fi líìgì tiwa hàn fún ọdún mélòó kan, títí àdéhùn náà fi dópin ní 2017. Ọdún wọ̀nyẹn ni ó yẹ kí a ti fi ìpìlẹ̀ irú ìpín bẹ́ẹ̀ lélẹ̀.

Láńre_Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ̀gbọ́n Adúkẹ́, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ fi nǹkan kan sílẹ̀. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ló gba líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/25, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà gbà á. Kúnlé Ṣónámẹ̀ tó ni ín wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja sílẹ̀. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ Arsenal àti Liverpool fún wa ní ojoojúmọ́ ni owó wọn ń gbé pápá tó dára dúró ní ìlú kékeré tiwa. Kò dùn mọ́ mi nínú pátápátá, nítorí pé mo mọ àwọn ọmọ àdúgbò tí tẹ́tẹ́ ti gbà lówó ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo 3SC tó jẹ́ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń wò, mo rí i pé ẹgbẹ́ tó ní olówó tirẹ̀ kò dúró de ìgbà tí gómìnà bá fọwọ́ sí ìwé.

Bàbá_Adámásìngbà:

Adúkẹ́, o ò jẹ̀bi, ọmọ mi. Mo rántí rẹfirí kan tí wọ́n gbé gba ẹ̀yìn pápá jáde. Ṣùgbọ́n ilé tó ṣófo ṣì ṣeé tún ṣe bí àlejò kò bá tíì sùn sínú rẹ̀. Agbára mi kò ká ti àwọn aláṣẹ líìgì tí ì bá sún aago bọ́ọ̀lù síwájú tàbí sẹ́yìn. Ohun tí mo ń ṣe láti sáà tó kọjá ni pé bí 3SC bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, mo máa ń ti ilé ìwòran mi láti aago mẹ́ta ààbọ̀ títí di aago mẹ́fà. Àwọn kan bú mi, wọ́n gba ilé ìwòran kejì lọ. Àwọn mẹ́rìnlá tẹ̀ lé mi lọ sí pápá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo kà wọ́n.

Àyìnlá_Bẹẹrẹ:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi gbogbo èsì yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Àdó, ó sì kọ̀wé padà pé òun kò wọ Adámásìngbà láti nǹkan bí ogún ọdún. Ó ní kí n bá òun bi bàbá pé, géètì wo ni wọ́n ń gbà wọlé báyìí, ṣé ẹnu géètì náà ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì?