Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ayédèrú ìwé ni wọ́n fi ta kóòdù-rúùmù fún mi, àgírímẹ́ǹtì wá ní kí n má gbé e lọ kọ́ọ̀tù

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará gúrúùpù. Ẹja ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá sọ́jà Olúwo mọ̀ pé tí iná bá lọ ẹja ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Torí ẹ̀ lèmi àti àbúrò ọkọ mi ṣe dáwó jọ tá a ra kóòdù-rúùmù, yàrá tó ń mú ẹja tutù, lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì kan, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà, a ti san méje nínú ẹ̀. Ọ̀gá wọn sọ ọ́ lẹ́nu, ó tún kọ ọ́ sórí WhatsApp pé tuntun ni kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, ó kó ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìwé gàráńtì jáde fún wa. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ni mo pe ẹnjiníà tó ń tún fíríìjì ṣe, ó ní tòkunbọ̀ ni wọ́n kùn lọ́dà, nọ́ńbà ara ẹ̀ ò bá tinú ìwé mu, a wá kọ̀wé sáwọn tó ṣe ẹ̀rọ yẹn, wọ́n ní gàráńtì yẹn ò tọ̀dọ̀ àwọn wá. Kì í ṣe pé ọjà kàn bàjẹ́ o, jìbìtì ni, ó sì ń dùn mí wọra torí owó àjọ wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ gbé wọn lọ sí High Court tó wà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, lọ́yà wọn ti kọ lẹ́tà pé mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, pé àgírímẹ́ǹtì sọ pé èdèkòyédè yòówù tó bá jẹ yọ látinú àdéhùn yìí tàbí tó bá tan mọ́ ọn, arbitration la máa fi parí ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tá a jọ yàn ló máa dá ẹjọ́ wa dípò kọ́ọ̀tù. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, tó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n fi mú mi fọwọ́ sí gbogbo ìwé yẹn, ṣé ìlà yẹn ṣì lè dè mí?

Ọmọ Pópó-Ọba: Màámi ẹ má dá wọn lóhùn. Irọ́ ló bí àgírímẹ́ǹtì, kò sí àgírímẹ́ǹtì mọ́ nìyẹn. Ẹ fi ọlọ́pàá gbé ọ̀gá yẹn, owó yín á jáde.

Lọ́yà Ìkòròdú: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Àbúrò mi, Police Act 2020 ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí pé ó kàn yẹ àdéhùn, ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó. Tó bá jẹ́ ayédèrú ìwé lẹ fẹ́ fi sùn, ìyẹn yàtọ̀, ẹ̀sùn ọ̀daràn nìyẹn, ẹ lè gbé e lọ bá ọlọ́pàá tàbí EFCC, kò sí àgírímẹ́ǹtì tó lè dí yín lọ́wọ́. Àmọ́ owó yín ló jẹ yín lógún, ẹ jẹ́ ká sọ ti owó.

Lójú òfin, ìlà arbitration dá dúró gedegbe, bí ẹni pé ìwé méjì lẹ fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan lórí ọjà, ọ̀kan lórí ibi tẹ́ ẹ ti máa yanjú ìjà. Arbitration and Mediation Act 2023, section 14, ló sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ orí kọ̀mpírẹ́sọ̀, ìwé ọjà ló bà jẹ́, kò tíì kan ìkejì. Ó máa kàn án tí wọ́n bá fi ọwọ́ èrú sàìn orúkọ yín, tàbí tí wọ́n ki ìlà yẹn bọ ìwé lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sàìn tán. Ṣé irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Rárá sà, ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo sàìn.

Sísí Ìtòíkín: Lọ́yà ẹ dákun, ṣebí Supreme Court ti sọ nínú ẹjọ́ Kano State Urban Development Board àti Fanz pé jìbìtì ò ṣe é gbé lọ arbitration?

Lọ́yà Ìkòròdú: Ẹjọ́ yẹn wà lóòótọ́, 1990 ni. Wọ́n to àwọn ohun tí kò ṣe é gbé lọ síbẹ̀, ẹ̀sùn ọ̀daràn tó kan gbogbo ìlú, ìkọ̀sílẹ̀, àdéhùn tí òfin kà léèwọ̀. Court of Appeal náà, nínú ẹjọ́ B.J. Export àti ilé ìfọpo Kàdúná, ní ẹ̀sùn jìbìtì ò sí lára ohun tí arbitrator lè gbọ́. Torí náà ọ̀nà wà tí lọ́yà yín lè gbà jà, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn lé e jù, torí kọ́ọ̀tù á wo ohun tẹ́ ẹ ń bèèrè gan-an, tó bá jẹ́ owó àti owó gbà-má-bínú, wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ àdéhùn ni, ẹ kàn fi jìbìtì kùn ún ni. Àwọn kọ́ọ̀tù ìlú òkèèrè ti lọ jìnnà lórí ẹ̀, ní England nínú ẹjọ́ Fiona Trust, 2007, ẹ̀sùn rìbá ni, House of Lords, kọ́ọ̀tù tó ga jù níbẹ̀ nígbà yẹn, ṣì ní arbitration ni wọ́n máa lọ, Amẹ́ríkà ti sọ irú ẹ̀ láti 1967 nínú ẹjọ́ Prima Paint.

Bàbá Ojú Ọ̀sà: Gbogbo arbitration yìí, tàwọn olówó ni. Ẹni tó purọ́ á tún lọ purọ́ níbẹ̀.

Lọ́yà Ìkòròdú: Bàbá, mo gbọ́ yín, owó arbitrator ń dunni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀rọ̀ kọ́ńpìnnì P&ID tí àwọn arbitrator ní kí Nàìjíríà san fún bílíọ̀nù dọ́là 6.6 ní 2017, tí èlé gbé e kọjá bílíọ̀nù 11. October 2023 ni adájọ́ Knowles ní London ní rìbá àti irọ́ ni wọ́n fi gba ìdájọ́ yẹn, ó sì gbà pé jìbìtì ni. Jìbìtì ò lè sá pamọ́ sábẹ́ arbitration títí.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Kí wá ni kí n ṣe báyìí sà? Ẹja mi ń bàjẹ́.

Lọ́yà Ìkòròdú: Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn pé ẹ ti rí jìbìtì náà, ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ ò fi san mílíọ̀nù méjì tó kù, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fara mọ́ arbitrator kan, torí tí ìwé yín ò bá sọ iye, ẹyọ kan ni òfin 2023 fún yín, owó ẹ̀ á sì dín. Tí ẹ bá fẹ́ dán kọ́ọ̀tù wò, ẹ mọ̀ pé section 5 òfin 2023 yẹn ní kí kọ́ọ̀tù dá ẹjọ́ dúró tí wọ́n bá tètè bèèrè kí wọ́n tó fèsì sí ọ̀rọ̀ gan-an, àyàfi tí ìlà yẹn ò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá yín lóhùn lórí ẹjọ́, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, Supreme Court ti sọ ọ́ láti 1977 nínú ẹjọ́ Obembe àti Wemabod. Ẹ tún lè bẹ kọ́ọ̀tù kí wọ́n má jẹ́ kí kọ́ńpìnnì yẹn palẹ̀ ìwé mọ́ kí arbitration tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa WhatsApp yẹn mọ́ o.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ ṣeun gan-an sà. Ṣé kí n ní kí ẹnjiníà yẹn tú u wò dáadáa?

Lọ́yà Ìkòròdú: Ẹ má tíì jẹ́ kó tú u mà. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara ẹ̀, ẹ dájọ́ fún wọn pé kí wọ́n rán aṣojú wá, iwájú ẹ̀ ni kó ti tú u, torí tó bá dá a tú, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ nǹkan inú ẹ̀.