Ta ni mo lè fi orin tí mi ò tíì parí hàn? Ẹ jọ̀ọ́, kíá ni!

Adùnohùn
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Orin kan wà lọ́wọ́ mi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àmọ́ ẹsẹ̀ kejì ò bá mi lára mu, mi ò sì mọ ohun tó ń ṣe é. Mo fẹ́ kí àwọn tó mọ orin gbọ́ ọ kí n tó lọ sanwó mix, ìyẹn kí wọ́n bá mi po ohùn àti ìlù ẹ̀ pọ̀ dáadáa. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fún mi ní stúdíò. Ta ni mo lè fi ránṣẹ́ sí tí kò ní gbé e sá lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

BàbáKíbọ́ọ̀dù
Orin wo? Gospel ni àbí fújì? Ètò orí kọ̀ǹpútà wo lo fi ṣe é, FL àbí Cubase? Ìlú wo lo wà? Àbúrò, o ní ká gbà ẹ́ nímọ̀ràn, o ò sì jẹ́ ká mọ ibi tó ń dùn ẹ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Tó bá jẹ́ Ìbàdàn ni, lọ bá àwọn bọ̀ọ̀dá tó máa ń jókòó lẹ́bàá Cultural Centre ní Mọ́kọ́lá nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀ mọ àwọn tí mò ń wí. Bèèrè ẹni tó ń fun fèrè, kó o mú nǹkan tútù dání. Kò ní tàn ẹ́, àmọ́ ẹnu ẹ̀ mú o. Má sunkún níbẹ̀.

Tóbi Onímáìkì
Máìkì wo lo fi gba ohùn sílẹ̀? Ó lè jẹ́ máìkì ló fà á tí ẹsẹ̀ kejì ò fi dùn. Mo ní ọ̀kan tí mo fẹ́ tà, condenser, òun àti ìdúró ẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, ó mọ́ tónítóní.

Onígángan
Kí ló kan máìkì nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé ẹsẹ̀ kìíní ò gba inú máìkì kan náà kọjá ni?

Àbúrò Adùnohùn, gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó o bá fẹ́ fi hàn, má bi í pé "Ṣé ó dùn?" Ta ló máa sọ lójú ẹ pé kò dùn? Ní kí wọ́n máa wo aago orin náà bó ṣe ń lọ, kí wọ́n kọ ibi tí ọkàn wọn ti kúrò níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan á ní 1:40, ẹlòmíì á ní 1:45. Tí àwọn méjì tí ò mọra bá tọ́ka síbì kan náà, ibẹ̀ ni kó o lọ tún ṣe. Má ṣàlàyé orin náà fún wọn ṣáájú, torí o ò ní wà níbẹ̀ láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò.

Kó o sì kọ ọ̀rọ̀ orin náà tẹ̀ lé e. Wọ́n ti fi orin ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí mi rí pé kí n bá wọn fi gángan sí i. Ohùn orin náà gbé "ọkọ mi" lọ sókè débi pé ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ni arábìnrin náà ń dúpẹ́ lé lórí. Mo gbé ìlù sílẹ̀ ná, mo pè é.

Arábìnrin Sọ́lfà
@Onígángan ẹ pa mí lẹ́rìn-ín o. Àmọ́ wàhálà yẹn ti pẹ́. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, bá a jà gan-an nígbà ayé ẹ̀, torí àwọn orin ìsìn tí wọ́n kàn gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn òyìnbó lórí. A ṣì ń kọ púpọ̀ nínú wọn títí dòní, a ò tiẹ̀ fura mọ́.

Bass_Ìkòròdú
Má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Mo ṣe orin kan nígbà kan. Lílé àti ègbè ti wà níbẹ̀, bass ti wọlé, ìlù ló kù. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ pródúsà, a jọ ń jẹ, a jọ ń mu, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wá sùn tí wọn ò bá níná. Ó ní kí n fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ kí òun bá mi wo ìlù ẹ̀. Mo zip gbogbo project FL náà, mo fi ránṣẹ́. Ó ní òun ti gbọ́ ọ, pé ó kù díẹ̀ káàtó, kí n ṣì pa á tì ná. Mo pa á tì.

Ó ṣe díẹ̀, mo lọ bá wọn ta bass níbi ìnáwó kan. A lọ jẹun, DJ gba ojú agbo. Òkèlè wà lọ́wọ́ mi tí mo fi gbọ́ ègbè mi! Ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n yí padà. Kódà, ibi tí mo ti ṣi bass ta, tí mo ní máa padà wá tún ṣe, ó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Mo pe ọ̀rẹ́ mi. Ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló fún òun lórin. Ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ náà ló bá mi ṣi bass ta ni?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Háà! Ẹ dárúkọ ẹ̀ kí gbogbo wa sá fún un.

Dẹ́kúnlé Beats
Ẹ dárúkọ ẹ̀ o. Èmi náà mọ ẹnì kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìkòròdú, ó lè jẹ́ òun.

Bass_Ìkòròdú
Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ẹ̀ wà lórí ibí.

Dẹ́kúnlé Beats
Ó ti jẹ́ òun.

Lọ́yà Àdúgbò
Kí gbogbo èèyàn tó máa fi ẹ̀rù pa ọmọbìnrin yìí: Òfin Copyright ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, ò sọ pé dandan ni kó o kọ́kọ́ lọ forúkọ orin sílẹ̀ níbì kan kó tó jẹ́ tìẹ. Bó o bá ti gbà á sílẹ̀, ì báà jẹ́ orí fóònù, tó sì jẹ́ pé ìwọ lo fi orí ara ẹ ṣe é, tìẹ ni, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ. Bó parí bí kò parí, ìyẹn ò kan òfin. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí sí i lè fi iṣẹ́ ẹ̀ tó Nigerian Copyright Commission létí, wọ́n ní ètò tó wà fún ìyẹn. Ohun tí òfin ò bá ẹ dá sí ni èrò lásán tó o kàn fẹnu sọ fún ẹlòmíì.

Bass_Ìkòròdú
Lọ́yà, ta ló ń sanwó yín? Ṣé òfin ló máa bá mi wọkọ̀ lọ sí kóòtù?

Lọ́yà Àdúgbò
Ṣé ẹ kọ̀wé sí i rárá? Lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ lọ́yà ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rántí pé Ẹ̀mí Mímọ́ kọ́ ni. Ẹ ṣì ní fáìlì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sì wà lórí ẹ̀. Ẹ ní ẹ̀rí. Ẹ ò kàn lò ó ni.

Alàgbà Orin
Gbogbo yín, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní MCSN, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lọ́yà Àdúgbò
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn yàtọ̀ sí èyí. MCSN ń bá olórin gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń lo orin wọn, bíi rédíò, òtẹ́ẹ̀lì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ kejì ọmọbìnrin yìí ò tíì débẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin
Bọ̀ọ̀dá Bass, ẹ má bínú o. Ègbè wo gan-an ni wọ́n jí? Kí la fi ń kọ ọ́?

Bass_Ìkòròdú
Èyí tí mo yọ látara orin tí wọ́n fi ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin
Hẹn-ẹn! Orin tí àwọn ìyá wa ti ń kọ kí wọ́n tó bí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín. Ta wá ni olè nínú ẹ̀yin méjèèjì báyìí?

Bass_Ìkòròdú
Màmá, mo tún un ṣe! Kọ́ọ̀dù tèmi ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ìka tèmi ló ta bass yẹn.

Lọ́yà Àdúgbò
Ọ̀rọ̀ yín ò ta kora. Orin àwọn àgbà tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ti Bass. Àmọ́ tó bá jẹ́ bass tó fọwọ́ ara ẹ̀ ta, tó gbà sílẹ̀, ni wọ́n gé lẹ̀ mọ́ orin ẹlòmíì, ẹjọ́ ńlá nìyẹn. Àṣìta yẹn gan-an ló máa gbè é ní kóòtù.

Ọmọ_Peckham
Lọ́dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan orin, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló kọ ọ̀rọ̀, ta ló ṣe bítì, ìdá mélòó ló kan kálukú. Split sheet là ń pè é. Gbogbo wa buwọ́ lù ú, kò sí ìjà lẹ́yìn ẹ̀.

BàbáKíbọ́ọ̀dù
Ìyẹn wà fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe orin. Ẹni tó fẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin bá ẹ gbọ́ orin lásán, ìwọ ní kó wá buwọ́ lu ìwé? Àgbàlagbà wo ló máa buwọ́ lù ú? Á ní o rí òun fín.

Ọmọ_Peckham
Ẹ̀gbọ́n, àgbàlagbà yẹn náà ló máa ní òun ló bá a kọ ègbè tórin náà bá lókìkí.

BàbáKíbọ́ọ̀dù
Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dá ọmọ yìí lóhùn, gbogbo yín ti gbàgbé ẹ̀.

Àbúrò, àṣìṣe Bass ni pé ó fi project ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin ò nílò project. Zipped loop package tó wà nínú FL yẹn, ẹni tẹ́ ẹ jọ fẹ́ ṣiṣẹ́ nìkan ni kó o fi fún. Torí ohun gbogbo ló wà níbẹ̀: ohùn ẹ lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, bass lọ́tọ̀. Yí orin náà sí MP3 kan ṣoṣo, 320 kbps, kí dídún ẹ̀ má bàa bàjẹ́. Gbé e sórí SoundCloud, yàn án ní private, má jẹ́ kí wọ́n lè dà á sílẹ̀, kó o fi línkì ẹ̀ ránṣẹ́. Tó bá yá tí ọkàn ẹ ò balẹ̀ mọ́, o lè pààrọ̀ línkì náà, èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ò ní ṣí mọ́. Tó bá jẹ́ WhatsApp lo fẹ́ lò, fi ránṣẹ́ bíi document. Má ṣe voice note o, mo bẹ̀ ẹ́. Voice note máa jẹ gbogbo adùn ẹ̀ run.

Kí ìwọ fúnra ẹ sì gbọ́ ọ lórí spíkà fóònù kó o tó fi ránṣẹ́, torí fóònù lọ̀pọ̀ máa fi gbọ́ ọ. Bass tó ń mi ilẹ̀ tìtì nínú hẹ́dífóònù lè má sí níbẹ̀ rárá lórí fóònù. Tí ẹsẹ̀ kejì bá ṣófo lórí fóònù, ó lè jẹ́ pé bass nìkan lo gbé e lé.

Dẹ́kúnlé Beats
SoundCloud kọ́, SoundCloud ni. Ẹni tó bá fẹ́ jí i á fi fóònù míì gbà á sílẹ̀ bó ṣe ń dún.

BàbáKíbọ́ọ̀dù
Ẹni tó bá fi fóònù gbà á, ariwo jẹnẹrétọ̀ náà á bá a wọlé. Jẹ́ kó gbé e.

Adùnohùn
Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ìbàdàn ni mo wà, Mọ́níyà. Gospel ni. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ Cubase. Àbúrò mi ọkùnrin ló bá mi ṣe bítì ẹ̀ lórí fóònù.

BàbáKíbọ́ọ̀dù
Orí fóònù! Látàárọ̀ tí mo ti ń pariwo FL!

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Mọ́níyà ò jìnnà. Wọkọ̀ dé Ọ̀jọ́ọ̀, kó o wọ ti Sángo, kó o wá bọ́ọ́lẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Tó o bá dé lẹ́yìn aago márùn-ún, wàá bá oní-fèrè yẹn níbẹ̀.

Arábìnrin Sọ́lfà
Ẹsẹ̀ mélòó ni orin náà ní? Ó lè jẹ́ pé ohun tó o sọ nínú ẹsẹ̀ kìíní náà lo tún ń sọ nínú ìkejì. Tèmi máa ń rí bẹ́ẹ̀: mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, mo tún yíjú mo dúpẹ́, ọ̀rọ̀ sì ti tán látijọ́.

Adùnohùn
Mẹ́ta ni. Ẹ̀rí wà nínú ìkẹta, ìtàn bí ìyá mi ṣe bọ́ nínú àìsàn.

Onígángan
Ìwọ tún wá fi ìyẹn sẹ́yìn?

Tóbi Onímáìkì
Máìkì yẹn ṣì wà o. Ẹni tó bá tètè dé ló ni ín.

Adùnohùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ṣé gan-an, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Èyí tí mo ṣe rèé: mo fi gbogbo orin náà ránṣẹ́ sórí gúrúùpù akọrin wa lálẹ́ àná. Àǹtí kan tó ń kọ alto ló dá mi lóhùn. Ó ní kí n yọ ẹsẹ̀ kejì sọnù, kí n gbé ẹ̀rí ìyá mi wá sípò ẹ̀, kí ègbè má sì wọlé títí n ó fi sọ ọ́ tán. Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó kúrú sí i, ó sì wọ̀ mí lára báyìí. Mò ń lọ sí stúdíò lọ́jọ́ Ẹtì.

Dẹ́kúnlé Beats
Orí gúrúùpù! Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀?

Adùnohùn
Mi ò mọ iye wọn o. Àwọn tó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́yà Àdúgbò
Má pa nǹkan tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná rẹ́ o. Ẹ̀rí ni. Fi síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

BàbáKíbọ́ọ̀dù
Ó kéré tán, ṣé bíi document lo fi ránṣẹ́?

Adùnohùn
Voice note ni, ẹ̀gbọ́n. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ spíkà.

BàbáKíbọ́ọ̀dù
Ó dáa. Mò ń lọ sùn.

Onígángan
Mo gbóríyìn fún àǹtí yẹn o. Mi ò tíì gbọ́ orin náà, àmọ́ ibi tó tọ́ sí gan-an ló ní kí wọ́n gbé ìtàn yẹn sí. Àbúrò, fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi tó o bá fẹ́ gángan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan o, kí Bass má bàa bínú.

Bass_Ìkòròdú
Mi ò bínú. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àǹtí alto yẹn bóyá ó ráyè gbọ́ tèmi náà. Mo ní mẹ́rin tí mi ò fi han ẹnikẹ́ni látìgbà yẹn.